Gbígbọ̀n Ọkọ̀ Ṣíborí

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ràmọ́nù atúnmọ́tòṣe rí lọ́dún náà, ọdún karùn-ún tí àwọn Faransé ti gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa. Tí ẹ bá rí i ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì Parakou, níbi tí àpáta Dassa ti yọ orí lẹ́yìn ilé, ẹ ó rò pé ọkùnrin yìí kò ní ìṣòro kankan láyé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, ó ń dá oníbàárà lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Irọ́ ni o! Ràmọ́nù kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Etí rẹ̀ méjèèjì ti di.

Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣọyún, tó ro ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tó wá dákẹ́. Ti òsì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìkórè iṣu. Láti ìgbà náà, ẹnu èèyàn ló ń wò kó tó mọ ohun tí wọ́n wí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó Ràmọ́nù. Àmínátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ó sì mú kó búra pé kò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Iṣẹ́ atúnmọ́tòṣe, etí ni. Ẹ́ńjìnnì kì í purọ́. Ibi tó ń dùn ún ni yóò ké sí. Ẹni tí kò gbọ́ igbe rẹ̀, kí ló fẹ́ tún ṣe? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ ẹlẹ́rù kan gbé ọkọ̀ wá. Ràmọ́nù wò ó, ó di gbogbo ìdè, nọ́ọ̀tì àti bóòtù, tó yẹ ní dídì, ó ní kó máa lọ. Kò tíì dé Paouignan tí inú ẹ́ńjìnnì fi fọ́. Okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà padà. Awakọ̀ náà dúró níwájú Ràmọ́nù, ó la ẹnu gbàgà, ó ní, "Ṣé adití ni ọ́ ni? O ò gbọ́ bó ṣe ń dún kó-kó-kó?" Ràmọ́nù ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dà bíi pé wọ́n ta á lọ́fà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lé iṣẹ́ sẹ́yìn. "Ẹ máa gbé e lọ sí Glazoué, ohun èlò rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi." Ó wá bá ara rẹ̀ pinnu pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí òun yóò fi dán ara òun wò. Bí ìyẹn bá tún já òun kulẹ̀, òun yóò ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ pa, òun yóò gbé ọkọ́. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta tí kò kọ ebè rí!

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí iṣu tuntun ti ń wọ ọjà, ó gbójú sókè, ó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ Eustache ni.

Eustache yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni. Òwú àwọn àgbẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì fẹ́ràn fàájì bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn oyin. Nígbà tí Òyìnbó kan ń padà sí ìlú rẹ̀, Eustache ra ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti ń gùn fún ọdún mẹ́tàlá, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn. Aṣọ náà ti jẹrà dànù. Àwọn ará Dassa bá sọ ọkọ̀ náà ní Ṣíborí, nítorí ó ń rìn káàkiri láìwé gèlè.

Àmọ́ ẹ ò rí bí Ṣíborí ṣe ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà! Ìlẹ̀kùn ń gbọ̀n, dígí iwájú ń gbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Eustache fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni màmá rẹ̀, Ìyá Antoinette, jókòó sí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ náà ń jó lórí àyà rẹ̀. Kí wọ́n tó dúró, ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀.

"Ràmọ́nù, gbà mí o!" Eustache bọ́ sílẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́. Kì í fẹ́ jí láàárọ̀ àfi tí a bá tì í. Iná rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tàtùpà. Tí mo bá tẹ fèrè, iná á tún relẹ̀ sí i. Gbígbọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Eyín mi fẹ́ẹ̀ tú tán."

"Ó ti pẹ́ tó?"

"Iná, ọ̀sẹ̀ méjì. Gbígbọ̀n, ó ti tó oṣù méjì."

Ìyá Antoinette náà dá sí i. Eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu ìyá, kíka ẹnu rẹ̀ sì dà bí kíka ìwé tí òjò pa. Ràmọ́nù sún mọ́ ọn kó tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ. "Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé tí mi ò dé Paouignan tí wọ́n bí mi sí. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bò lórí yẹn, èébì ni wọ́n ń fún mi. Èyí tí atẹ́gùn ń wọ̀ yìí ni ara mi gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti kúrò ní Mísà, Paouignan yá! Suzanne àbúrò mi ti ní òun á gúnyán dè mí. Má dójú tì mí."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ràmọ́nù wí. Ọkàn tirẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ àdánwò ti dé.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, nítorí iná kò nílò etí. Ojú àti ọwọ́ ni iná ń fẹ́. Ó wo bátìrì, agbára wà nínú rẹ̀. Ó fọ orí rẹ̀ méjèèjì, ó dì wọ́n le. Ó ní kí Eustache tan iná iwájú: ó pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tí kò sùn. Ó ní kó jí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó dákẹ́. Ràmọ́nù rí èéfín funfun tín-ínrín kan tó ń jáde lára okùn irin tí wọ́n máa ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó lè jí ní àárọ̀. Ó fọwọ́ kàn án.

"Yéè!" Ó ju ọwọ́ sẹ́nu. Okùn náà gbóná bí ojú ààrò.

Ni Ràmọ́nù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìka lẹ́nu. Eustache rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Eustache, wá wò ó. Okùn yìí kì í ṣe ọ̀nà iná. Okùn fífà lásán ni. Kí ló dé tó fi gbóná?" Ó na ìka sí bátìrì. "Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà sílé. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, iná kì í sì í gba inú rọ́bà kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀já bàbà kan so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, kí iná lè rí afárá gbà padà. Tí afárá bá já, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni yóò wá. Okùn yìí ni ẹ̀bùrú tó rí."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Lóòótọ́, níbi tí ọ̀já bàbà yẹ kó wà, ihò ìdè méjì ló kù, ojú wọn ń dán. Kò sí ọ̀já, kò sí ìdè. Ó jáde, ó bi Eustache pé ta ló tú u. Eustache fi ìyá rẹ̀ búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ràmọ́nù ní ó dáa, kí Màmá sọ̀ kalẹ̀ kí òun lè wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó na ọwọ́ sí ìyá. Ìyá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, aṣọ rẹ̀ ká sókè díẹ̀, nǹkan pupa kan sì kọ mànà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ràmọ́nù tẹjú mọ́ ọn. Bàbà ni. Bàbà híhun pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí ihò ìdè wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n fi òwú so pọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ yẹn?"

"Bàbà làkúrègbé mi ni." Ìyá tiẹ̀ tún gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè rí i dáadáa. "Mo ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n hun ún dára! Mo ní ẹni tó sọ irú èyí nù kò mọyì ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti so ó, orúnkún mi ò dùn mí mọ́. Mo ti rìn dé ìdí àpáta lẹ́ẹ̀mejì."

Eustache ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Màmá, ẹ so iná ọkọ̀ mi mọ́ ẹsẹ̀!"

"Ọkọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kò sì lárùn làkúrègbé," ni ìyá dá a lóhùn. "Èmi tí mo lẹ́sẹ̀ méjì ni mo ní in."

Ẹ̀rín pa Ràmọ́nù dé ibi pé ó di ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. Àmọ́ ìyá kọ̀ jálẹ̀, kò bọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n wá bàbà mìíràn fún ọkọ̀, ti òun ti mọ òun lára. Àmínátù ló yanjú rẹ̀. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́, òun ló sì ń di irun fún ìdajì àwọn obìnrin Dassa. Ràmọ́nù tú wáyà bàbà láti inú dàìnámò kan tó ti kú, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, tí kò lè ṣe afárá fún iná ọkọ̀ kankan. Àmínátù jókòó, ó di í bí ẹni ń di irun ìyàwó, ìdì mẹ́ta wọ ara wọn, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń dán jù ú lọ. Ìyá Antoinette wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó fi wé ẹsẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Èyí dà bí ti ọmọ ọba." Ó wá bọ́ ti ọkọ̀.

Ràmọ́nù ha ìdọ̀tí kúrò lójú ihò ìdè, ó fi ìdè tuntun di ọ̀já náà pinpin. Eustache fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì, ó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà! Iná iwájú funfun báláú lójú ọ̀sán. Eustache tẹ fèrè, àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́bàá títì túká, ìyá sì fi àmì àgbélébùú kan iwájú orí. Inú Ràmọ́nù dùn. Iná ti bọ́ síbi tó yẹ.

Àmọ́ Ṣíborí kò yé gbọ̀n.

"Ó ku èyí," ni Eustache wí. "Ṣé o ń gbọ́ ọ? Apá ibo ló ti ń wá?"

"Mo ń gbọ́ ọ," ni Ràmọ́nù dáhùn. Irọ́ burúkú!

Ó fi ojú ṣe ohun tí ojú lè ṣe. Ó yọ wáyà iná ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń relẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Ó wo abẹ̀bẹ̀ irin tó wà níwájú, kò ṣẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún, lósì, lókè. Gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n bákan náà. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó létí ì bá kàn tẹ́ etí sí i, kó sì tọ́ka síbẹ̀. Oòrùn dé àtàrí, ẹ̀wù Ràmọ́nù tutù fún òógùn. Ó wo ìsọ̀ rẹ̀, ó wo àwọn irin tó ti fi ogún ọdún kó jọ. Ó dùn ún débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi apá nù ún bíi pé òógùn ni. Ó ku kó yíjú sí Eustache kó sọ fún un pé kó máa gbé e lọ sí Glazoué.

Wáyà kan ló dá a dúró. Ó rí i tó ń fì sún mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà já. Ó fi ọwọ́ òsì mú wáyà náà sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún ń di ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo mú. Tunẹfíìsì, irin gígùn tó ní èèkù igi tó fi ń tú ìdè, kò wá ríbi sùn, ó bá fi eyín há èèkù náà. Bó ṣe tẹ̀ síwájú, ẹnu irin náà ba ẹ́ńjìnnì.

Gbùrùrùrùrù!

Ràmọ́nù fò sẹ́yìn, ó sì fi orí gbá ìdérí ọkọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ló pariwo? Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó tún fi eyín há igi náà, ó rọra gbé ẹnu irin lé ẹ́ńjìnnì. Ó tún dé! Ìró ẹ́ńjìnnì gba inú irin, ó gba inú igi, ó gba eyín, ó wọ agbárí rẹ̀ lọ rakọrakọ. Ó ń gbọ́! Yàtọ̀ sí ìró ara rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí Ràmọ́nù gbọ́ láti nǹkan bí ọdún kan nìyí.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni Eustache bi í.

Ràmọ́nù kò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ó ń yí ẹ́ńjìnnì po, tunẹfíìsì lẹ́nu bí ajá tó gbé egungun. Lókè, ó gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ tó ń bọ̀, déédéé, láìsí ẹ̀sùn. Lọ́tùn-ún, lórí irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ìró náà rọ̀, mù-mù-mù, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó lọ sí òsì. Kó-kó-kó-kó! Bíi pé wọ́n ń fi ọmọ odó lu odó òfìfo. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbọn erùpẹ̀ àti epo kúrò níbẹ̀, ó sì rí i. Níbi tí rọ́bà yẹ kó wà, igi ló wà níbẹ̀. Igi ayin, wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n tún kùn ún ní dúdú.

Ó tú u, ó gbé e wá síwájú Eustache.

Eustache wo ilẹ̀. "Rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti jẹrà. Mo ní kí Théodore káfíńtà gbẹ́ igi ayin síbẹ̀. Igi tí àdá kì í ràn! Ṣé kò le ju rọ́bà lọ ni?"

"Ta ló ní líle là ń wá? Ẹ́ńjìnnì fẹ́ ìrọ̀rí, o gbé àpótí fún un! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Eustache. Igi yìí ló mú kó máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló tú ìdè ọ̀já bàbà. Ọ̀já bọ́ sílẹ̀, Màmá fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹsẹ̀. Théodore káfíńtà ló fẹ́ẹ̀ pa iná ọkọ̀ rẹ!"

Ó gé rọ́bà láti ara táyà ẹlẹ́rù kan tó ti gbó, ó ń ti ọ̀bẹ bọ omi kó lè gé e geere. Ó gé e ní ìpele mẹ́ta, ó tò wọ́n, ó lu ihò, ó dì í sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jí ẹ́ńjìnnì. Àmínátù bu omi kún ife, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì. Omi náà wà nínú ife, díẹ̀ kò dà. Ìyá Antoinette ti padà sí ìjókòó rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà sì sinmi jẹ́ẹ́ lórí àyà rẹ̀. Eustache bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín títì, ó di mọ́ Ràmọ́nù, ó gbé e sókè tepo-tepo.

Ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí Ràmọ́nù lè pa mọ́ra lọ. Ó rò ó pé bí òun bá ti lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ló tún kù tí òun ń bẹ̀rù? Ó gbé tunẹfíìsì sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Mo ti ń tàn yín jẹ. Etí mi ti di láti ìkórè tó kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Eyín ni mo fi gbọ́ ọkọ̀ yìí!"

Ó dúró, ó ń dúró de ìyàlẹ́nu wọn. Eustache wo ìyá rẹ̀, ìyá wo Eustache. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ràmọ́nù," Eustache dúró síwájú rẹ̀, ó la ẹnu kedere, "gbogbo Dassa ló mọ̀."

"Kí ni?"

"Ti eyín nìkan ni a ò mọ̀. Ti etí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Awakọ̀ tó bú ọ ní adití yẹn, àlejò ni, òun nìkan ni kò mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Àmínátù.

"Ó bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan," ni Eustache wí, "láti ọjà títí dé ilé Fádà. Ó ní kí a máa dúró síwájú rẹ kí a tó sọ̀rọ̀. Kí a má pariwo, kí a kàn la ẹnu dáadáa. Kí a má jẹ́ kí o mọ̀ pé a mọ̀."

"O sì mọ̀, o tún gbé ọkọ̀ rẹ wá?"

"Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? O rò pé etí rẹ la ń gbé ọkọ̀ wá fún ni?"

Ràmọ́nù yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Àmínátù gbé ojú sókè kí ọkọ rẹ̀ lè ka ẹnu òun. "Mo búra fún ọ, mo sì já a. Mo ti fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta san ìtánràn rẹ̀." Ó tún wo ilẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí i, gèlè sì bo ẹnu rẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú.

Ràmọ́nù rìn lọ bá a. Ó fi aṣọ nu irin náà títí ó fi mọ́, ó fi eyín há èèkù igi, ó sì na ẹnu irin sí i. Àmínátù wo irin, ó wo àwọn èèyàn, ojú tì í, ẹ̀rín gbé e. Nígbà tó yá, ó fi eyín há a.

"Bàbá Àyìndé," ni Àmínátù wí láàárín eyín, "oúnjẹ rẹ ti tutù."

Ó wọ orí Ràmọ́nù lọ, ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa orúkọ náà gùn. Ìyá Antoinette ń pariwo láti inú ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé òun yí àpáta po lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ràmọ́nù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì tú eyín lára igi náà.

"Tún un sọ," ni ó wí.